Ẹ Kú Oríire Oyún Tí Kò Sí

Ọkùnrin tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì kékeré ìkóríta kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Etí rẹ̀ kò di o. Ohun tí wọ́n bá bò mọ́ ẹnu sọ ni kì í fẹ́ gbọ́. Obìnrin aránṣọ kan tẹ orí mọ́ káńtà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, oògùn oyún."

"Oògùn kí ni?"

"Oyún."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, ìyá. A kò wá ṣọ̀fọ̀ níbí."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ohùn sókè, ojú rẹ̀ sì ń gbóná bí ẹni tó dúró ti ààrò. "Oògùn oyún ni mo ní. Mo fẹ́ lò ó báyìí."

Ọkùnrin náà kò bi í léèrè pé kí ni oògùn ọ̀hún fẹ́ ṣe fún oyún. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó gbé ìgò kan kalẹ̀, ó gbowó, ó sì ti yíjú sí ẹni tó kàn. Àwòrán obìnrin kan wà lára ìgò náà, ó di ikùn gbẹ̀ǹdẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Aránṣọ wò ó títí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣebí àwòrán eku ló ń wà lára oògùn eku, àwòrán aáyán ló sì ń wà lára oògùn aáyán. Ohun tí wọ́n bá yà síbẹ̀ ni oògùn ń lé. Ó da hóró méjì sẹ́nu níwájú kẹ́míìsì, ó fi omi inú ọ̀rá gbé e mì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ìyá arúgbó kan tí mo mọ̀ dáadáa ti fi ìpara ẹsẹ̀ fọ eyín rí nítorí pé túùbù méjèèjì jọra, eyín ọ̀hún kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi.

Rọ́bà ló já. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni èyí tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ já, òní sì ti di ọjọ́ Ajé. Abẹ ni wọ́n fi gbé àbíkẹ́yìn aránṣọ jáde, ọmọ náà kò sì tíì mọ̀ ọ́n dìde dúró. Dókítà tó rán ikùn aránṣọ kò bá a sọ ọ̀rọ̀ náà, ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí: "Bí oyún mìíràn bá wọ inú yìí kí ojú ọgbẹ́ tó san délẹ̀, ẹ tètè máa wá ìyá fún àwọn ọmọ yín." Ìdí rọ́bà nìyẹn. Nígbà tó já, ọkọ ní kí ó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun lòun máa lọ ra oògùn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó dé ẹnu ọ̀nà kẹ́míìsì lóòótọ́, ó bá àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ń gbàdúrà pọ̀ nínú ilé ìsìn, ó sì ra súìtì ikọ́ bọ̀ wálé. Kò húkọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ó ní kò sí ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Aránṣọ délé, ó gbé ìgò sórí máṣíìnì rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kọjú sí aṣọ oníbàárà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìgbà yìí ni oúnjẹ kọ́kọ́ wù ú jẹ. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, gbé ọmọ wá kó mu ọmú. Ojú Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ikùn.

"Ìyàwó, kí lèyí?"

"Oògùn ni, Màámi."

"Mo mọ̀ pé oògùn ni, mi ò ní ọtí ni. Oògùn kí ni?"

Aránṣọ wo ilẹ̀. Irọ́ kò yá a lẹ́nu, òótọ́ náà kò sì ṣeé sọ fún ìyá ọkọ. "Oògùn oyún ni, mà."

Ìyá Àgbà gbé ìgò náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ojú. Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, eékún rẹ̀ tó máa ń ké ní gbogbo òwúrọ̀ kò sì ké. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dìde, ó fi ìgò náà sábẹ́ abíyá, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ. Ibẹ̀ ni alágbàfọ̀ tó ń gbé yàrá kejì ti ń fọ aṣọ àwọn ènìyàn. Rédíò ni wọ́n ń pe obìnrin náà, nítorí kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Ẹ̀wà tó wà lórí iná kò tíì rọ̀ tí ìròyìn fi kárí ilé.

"Ìyàwó, ẹ kú oríire o," ará ilé kan kí aránṣọ.

"Oríire kí ni?"

"Ẹ máa fi pamọ́. Ikùn á bá yín tú u síta."

Aránṣọ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó ń wa máṣíìnì lọ. Rédíò fúnra rẹ̀ wá dúró tì í, ọṣẹ ń kán ní ìgúnpá rẹ̀, ó di ìgò náà mú bí ẹni di ọmọ tuntun mú. "Èyí gan-an ni ọmọ mi mu títí tó fi sọ̀," ó ní. "Tọ́níìkì tó dára jù nìyí. Ó ń fún oyún lẹ́jẹ̀, ó ń jẹ́ kó dì mọ́nú. Oyún tó bá ń mu èyí, bí o gun igi já lulẹ̀, kò ní bọ́."

Ẹsẹ̀ aránṣọ dúró lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀ máṣíìnì. Abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, kò lọ, kò bọ̀.

"Kí ló dé? Inú ń rú ọ ni?" Rédíò rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ọkọ rẹ̀ dé láti jẹun ọ̀sán. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ilẹ̀kùn ilé yẹn, òun ló kàn án. Ènìyàn mẹ́ta ló ti kí i kó tó bọ́ bàtà. Aránṣọ wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ ọ. Ó retí pé kó ní, "Oríire kí ni?" Gbẹ́nàgbẹ́nà ní, "Ọlọ́run ló ṣe é," ó sì fi ohùn ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa sọ ọ́.

Ó wọlé. Aya rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ̀ ń dúpẹ́ lé lórí?"

"Wọ́n kí mi, mo dáhùn. Kí n bú wọn ni?"

"Tọ́níìkì aboyún lọkùnrin yẹn tà fún mi. Mi ò tíì lo nǹkan kan. Òní ló pé ọjọ́ kẹta. Ẹ jáde, ẹ sọ fún Màámi pé kò sí oyún níbì kankan, kí n lè ráàyè lọ wá èyí tó tọ́."

"Kí n wí fún ìyá mi pé kí ni? Pé mò ń fi rọ́bà sùn ti ìyàwó mi? Ìyá tó bí mi lọ́mọ?"

"Ọmọ mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀. Kí ni wọ́n rò pé a fi ń bí wọn, àdúrà?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Ojú yín ni dókítà ṣe sọ ọ́."

"Dókítà kì í ṣe Ọlọ́run."

"Kò sì ní sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kan pósí mi. Ẹ máa fi pákó tó dára kàn án o, ẹ má fi ti àjẹkù oníbàárà."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo abọ́ tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹ̀wà yìí ń tutù," ó ní.

Aránṣọ we gèlè, ó jáde. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Wọ́n kò sọ ohun tí ẹni tí orí ń fọ́ máa ṣe bí ọkọ rẹ̀ bá jókòó lé oògùn tó ń jẹ ẹ̀wà.

Ilé oògùn ńlá wà nítòsí ilé ìwòsàn, obìnrin apòògùn tó wà níbẹ̀ sì ní ẹnu tó lè bó iṣu. Àga gígùn wà fún àwọn tó ń dúró. Aránṣọ kò wo àga náà, ì bá ti rí Rédíò níbẹ̀, tó wá ra ìpara sí ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ.

"Ẹ káàsán, mà. Oògùn oyún ni mo ń wá."

Apòògùn bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí lẹ máa fi pa ara yín. Oògùn oyún wo? Èyí tó ń tọ́ oyún, èyí tó ń ṣẹ́ oyún, àbí èyí tí kì í jẹ́ kó wáyé rárá? Ẹ sọ ọmọ mẹ́ta ní orúkọ kan, ẹ wá ń bínú pé ẹni tí ẹ pè kọ́ ló jẹ́."

"Èyí tí kì í jẹ́ kó wáyé. Rọ́bà ló já."

"Nígbà wo?"

"Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

"Ọkọ mi ní òun máa rà á."

"Kí ló wá rà?"

"Súìtì ikọ́."

Apòògùn kò rẹ́rìn-ín. Ó yí padà sí pẹpẹ, ó ń wá nǹkan, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá pẹpẹ jà. "Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe alẹ́ tí èèyàn sùn pọ̀ gan-an loyún ń dúró. Àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú obìnrin fún bí ọjọ́ márùn-ún, ó ń retí ẹyin. Hóró oògùn yìí ló ń dá ẹyin dúró kó má tètè jáde, kí àtọ̀ retí rẹ̀ títí tó fi máa kú. Bí ẹyin bá ti jáde ṣáájú, oògùn kò lè dá a padà mọ́. Ìdí tí a fi ń pariwo pé kíá nìyẹn. Bí oyún bá sì ti dúró, oògùn yìí kò lè yọ ọ́, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Kì í ṣe oògùn ìṣẹ́yún. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ sí ara ògiri."

"Ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi ni?"

"Ọjọ́ kẹta la lè gbẹ́kẹ̀ lé e dé, ilẹ̀ òní kò sì tíì ṣú. Ì bá dára jù láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Oríṣi kan wà tó ń dé ọjọ́ karùn-ún, kò sí lọ́wọ́ mi. Wáyà kékeré wà tó ní kọ́pà lára, tí wọ́n ń fi sí ilé ọmọ. Òun náà ń dé ọjọ́ karùn-ún, òun ló dájú jù nínú gbogbo wọn, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń fi í sí i ní ilé ìwòsàn òdìkejì yìí, bíi pé rọ́bà máa ń wo kàlẹ́ńdà kó tó já. Ti Ẹtì yín á ti kọjá. Ẹ ṣì lọ bá wọn fún ti ọjọ́ iwájú, hóró yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi gbé oṣù."

"Ẹ ò ní béèrè ìwé lọ́wọ́ ọkọ mi?"

"Ọ̀nà ọ̀fun ta ló fẹ́ gbà?"

Aránṣọ fi ọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀.

"Kò gba ìwé ọkọ, kò gba ìwé dókítà. Bí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ máa fún un lọ, kò sí wàhálà. Èébì lè gbé yín. Bí ẹ bá bì í kí wákàtí méjì tó pé, ẹ kà á sí pé ẹ kò lò ó, ẹ sì gbọ́dọ̀ lo òmíràn. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ló kù lónìí, nítorí náà ẹ di ẹnu yín mú. Bí nǹkan oṣù bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, ẹ padà wá ṣe àyẹ̀wò."

Hóró kan ṣoṣo ni. Ó kéré débi pé aránṣọ rò pé wọ́n tún ti ṣì í fún òun. Ó ní kí apòògùn tún iṣẹ́ tí hóró náà ń ṣe sọ, apòògùn tún un sọ, ó sì gbé e mì níbẹ̀ lójú obìnrin náà. Ó wo aago orí fóònù rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, "oyún," "ṣẹ́" àti "ọkọ" ló dé orí àga gígùn. Rédíò dìde, ó gbàgbé ìpara.

Nígbà tí aránṣọ fi máa wọ ilé, àwọn ará ilé ti jókòó bí ìgbà tí wọ́n bá ń retí òkú. Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, kọ́ọ̀bù omi iyọ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó sórí pákó, ó ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù tó ti mú tẹ́lẹ̀.

"Ibo lo ti ń bọ̀?"

"Ilé oògùn, Màámi."

"Èyí tí o rà láàárọ̀ ti tán ni?"

"Oògùn tí wọ́n fi ń ṣẹ́yún ló rà," Rédíò ní. "Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ó tún bẹ obìnrin yẹn pé kí ọkọ òun má gbọ́."

"Màámi, kò sí oyún."

"Kò sí, àbí kò sí mọ́?"

Aránṣọ mi orí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti fi orí rẹ̀ sọlẹ̀, ìdí rẹ̀ nìkan ni àwọn èèyàn ń rí. Ó tún gbìyànjú. "Kò sí rí. Ti àárọ̀ yẹn, wọ́n ṣì í tà fún mi ni. Rọ́bà ló já."

"Rọ́bà wo? Rọ́bà tí a fi ń pọnmi?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n ní kó pa ẹnu mọ́. Ìyá Àgbà kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Rọ́bà wo ni ìyàwó rẹ ń wí?"

Gbogbo ojú lọ sára gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu pẹ́ńsù. "Màámi, ẹ jẹ́ kí ó jókòó ná."

"Mo bi ọ́ ní rọ́bà, ò ń sọ ìjókòó." Ìyá Àgbà na kọ́ọ̀bù. "Mu ún, ìyàwó. Tí o bá bì í báyìí, ọmọ á yè. Mi ò ní bú ọ, mi ò ní sọ ọ́ fún àwọn èèyàn rẹ. Sáà mu ún."

Omijé wà lójú Ìyá Àgbà. Òótọ́ ló ń sunkún. Ọmọ-ọmọ tó ti gbé jó láti àárọ̀ ló rò pé ó ń kú lọ lójú òun. Aránṣọ há eyín. Rédíò di àgbọ̀n rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ alágbàfọ̀, ọwọ́ tó ti fún aṣọ fún ogún ọdún, wọ́n sì rọ omi iyọ̀ mọ́ ètè rẹ̀. Ó wọ imú, ó dà sí àyà, ẹ̀kán kan ò kọjá eyín. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré wọ yàrá, ó ti irin sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ibùsùn. Ó wo aago. Ààbọ̀ wákàtí péré ló ti lọ. Inú rẹ̀ sì ti ń rú lóòótọ́, bí oògùn ni o, bí ìbínú ni o, àwọn méjèèjì ni kò sọ orúkọ wọn. Itọ́ kún ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

Níta, wọ́n ń sọ ọ́. Ọ̀kan ní obìnrin ayé ìsinsìnyí ò fẹ́ jìyà. Ọ̀kan ní ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbọ́ ìyẹn náà, ó ń gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà gbé àbíkẹ́yìn wá sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ebi ń pa ọmọ, ó ń ké.

"Ọmọ rẹ nìyí. Ṣí i, kó mu ọmú."

Ọmú aránṣọ gbọ́ ṣáájú rẹ̀. Wàrà ya, ó rin aṣọ tí omi iyọ̀ ti rin tẹ́lẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, kò dìde. Ọmọ ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ìwọ lo kan ilẹ̀kùn yìí," Ìyá Àgbà sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ni kí o tú u."

Aránṣọ gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ òòlù tó fi ẹnu sí abẹ́ ìṣó irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Ìṣó àkọ́kọ́ yọ, ó ké bí eku. Nígbà tó yá, ó gbọ́ òmíràn: òòlù ń lu, kò yọ. Kò, kò, kò. Ẹni tó ń gbọ́ máṣíìnì láti òwúrọ̀ dé alẹ́ mọ ohùn irin tó ń jáde, ó sì mọ ti irin tó ń wọlé. Ìṣó tó yọ ló tún ń gbá padà.

"Kí ló ń pẹ́ ọ tó báyìí?" Ìyá Àgbà bi í.

"Pákó tó dáa ni, Màámi. Ó di ìṣó mú."

Ó yọ ọ̀kan, ó jù ú sílẹ̀, ó wá a kiri títí, ó rí i, ó gbá a padà. Aránṣọ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé inú rẹ̀ dùn ni, á ní rárá. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, ẹnu ọkọ rẹ̀ sì wà nítòsí ibẹ̀ gan-an, kò ṣe nǹkan kan.

Wákàtí méjì pé, ó sì lé. Ó tún fi díẹ̀ kún un. Ó dìde, ó yọ irin, ó ṣí ilẹ̀kùn tí ìṣó rẹ̀ pé. Gbẹ́nàgbẹ́nà wà lórí ìkúnlẹ̀. Aránṣọ kọjá lára rẹ̀, ó gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó mu ẹ̀kún ẹnu méjì. Kò sí ẹni tó dì í mú. Ó rìn dé etí kòtò omi, ó sì bì, omi àti omi nìkan.

Rédíò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Mo rí i," ó ní. "Ó funfun báyìí. Ó ti jáde."

Ara Ìyá Àgbà wálẹ̀. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹnu aránṣọ, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó bí i. Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ikùn aránṣọ, lórí ojú abẹ gan-an. "Ọlọ́run tó dá èyí sí lónìí," ó ní, "á jẹ́ ká gbé e jó."

"Àmín," gbẹ́nàgbẹ́nà dáhùn.

Aránṣọ gbójú sókè. Ọmọ mẹ́ta ló ti bí fún ọkùnrin yìí, "ẹ̀yin" ló sì ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé rẹ̀, nínú ìjà, nínú ìrọbí, nínú òkùnkùn yàrá.

"Ìwọ," ó ní. Kò pariwo. "Nígbà tí nǹkan oṣù mi bá dé, ìwọ ni wàá sọ ibi tí oyún yẹn lọ fún wọn."

Nínú gbogbo ohun tí Ìyá Àgbà ti gbọ́ láti òwúrọ̀, èyí nìkan ló wọ̀ ọ́ létí. Ó gbé ọwọ́ kúrò ní ikùn.

"Ta lo pè ní ìwọ?"

Aránṣọ fi ọmọ sí ọmú.

"Mo ní ta lo pè ní ìwọ nínú ilé yìí?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé òòlù sílẹ̀. Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Èmi ni, Màámi," ó ní. "Èmi ni."